Ohun Tí Asẹ́ Kò Lè Mú: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yọ Họ́mọ̀nù Kúrò Nínú Omi

Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ SS2 Sáyẹ́ǹsì kan, ọmọ ẹgbẹ́ Press Club

Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì ni mo gbé wá sára ògiri lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má wulẹ̀ sá. Ní táàmù yìí, a kọ́ nípa bí a ṣe ń ya àwọn nǹkan tó ti dà pọ̀ mọ́ ara wọn sọ́tọ̀, olùkọ́ wa sì ní kí oníkálùkù mú àpẹẹrẹ wá láti ilé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kíláàsì ló kọ ògì sísẹ́. Kò burú, àpẹẹrẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa béèrè ohun kan tó mú gbogbo wa dákẹ́: kí wá ni asẹ́ kò lè mú? Aago lù kí a tó parí ọ̀rọ̀ náà. Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ máa bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ògì yẹn náà bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti lọ àgbàdo tán, wọ́n á dà á sórí aṣọ, wọ́n á máa bu omi sí i. Eèrí á dúró sórí aṣọ, ògì á bá omi kọjá. Kò sí àdììtú níbẹ̀: eèrí tóbi ju ojú aṣọ lọ, ògì kéré sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, ògì á ti rogún sísàlẹ̀, omidùn á wà lókè. Omidùn yẹn ni kí ẹ wò dáadáa. Kò sí eèrí níbẹ̀ mọ́, ògì náà ti lọ sísàlẹ̀, síbẹ̀ ó kan. Ẹ fi aṣọ mẹ́wàá sẹ́ ẹ, kíkan rẹ̀ ò ní dín. Ohun tó jẹ́ kó kan ti yọ́ sínú omi, wọ́n jọ ń gba ojú aṣọ kọjá ni, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fi àwọ̀n ẹja mú ẹ̀fọn.

Ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù inú omi, ọ̀rọ̀ kíkan omidùn ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ahọ́n mọ kíkan. Kò sí ahọ́n tó mọ họ́mọ̀nù, kò sí imú tó ń gbóòórùn rẹ̀, kò sì yí àwọ̀ omi padà.

Àwa tí à ń ṣe Báyọ́lọ́jì mọ ohun tí họ́mọ̀nù jẹ́. Iṣẹ́ tí ara ń rán sí ara ni. Ibì kan nínú ara á tú u sínú ẹ̀jẹ̀, ibòmíràn á gbọ́, á sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Òun ló ń sọ fún ọmọkùnrin pé kí ohùn rẹ̀ yí padà, òun ló ń sọ fún ọmọbìnrin pé àkókò nǹkan oṣù ti tó, òun náà ló ń sọ fún ẹja pé kó yé ẹyin. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ jù nínú họ́mọ̀nù obìnrin ni estradiol. Àbúrò rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ estrone. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, tó wà nínú ọ̀pọ̀ hóró oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, ni ethinylestradiol. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ wọn tán nínú ara, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ni wọ́n ń bá jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo oògùn nìkan ni o. Gbogbo èèyàn ló ń tọ họ́mọ̀nù, ọkùnrin àti obìnrin, aláboyún ju ẹlòmíràn lọ, màlúù àti adìẹ náà ò gbẹ́yìn. Láti ṣaláńgá, láti sọ́ọ̀kèwé, láti gọ́tà, ó ń rìn lọ sínú ilẹ̀ àti sínú odò.

Ìsọ̀rí kejì tún wà, àwọn tí kì í ṣe họ́mọ̀nù ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ṣe bíi họ́mọ̀nù. Ẹ fọkàn yàwòrán ayédèrú kọ́kọ́rọ́ tó wọ ihò àgádágodo ẹni. Nígbà mìíràn á ṣí i, nígbà mìíràn á há síbẹ̀ débi pé kọ́kọ́rọ́ gidi ò ní lè wọlé mọ́. Bisphenol A tó wà nínú àwọn ike líle kan wà nínú wọn, phthalate tí wọ́n fi ń mú ike rọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọn phthalate nínú omi odò Ògùn ní agbègbè Kétu l'Ékòó, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán.

Ní tiwa níbí, láti Ararọ̀mí-Òwu dé Àpòmù dé Ìkirè, oko kòkó ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Títí dòní, gbogbo oògùn kòkòrò kòkó ni bàbá bàbá mi ń pè ní Gamalin. Gamalin 20 tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún láti pa kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó, lindane ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Ní 2009 ni wọ́n kọ orúkọ lindane sínú àdéhùn Stockholm, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí àwọn oògùn olóró tí kì í tètè jẹrà. Ní 2011 wọ́n fi endosulfan, tí àwọn olóko kòkó náà mọ̀ dáadáa, kún un. Méjèèjì wà lára àwọn tí ń da iṣẹ́ họ́mọ̀nù rú. NAFDAC náà ti kéde òpin fún atrazine, oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko oko àgbàdo, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Òfin ti sọ tirẹ̀. Àmọ́ ohun tó ti wà nínú ilẹ̀ kì í ka ìwé òfin, bẹ́ẹ̀ ni àwọn gálọ́ọ̀nù òfìfo tí àwọn kan ṣì ń fọ̀ fi pọn omi, mo fi ojú ara mi rí i.

Ṣé ó wá pọ̀ tó láti ṣe nǹkan kan? Ibí yìí ni ìṣirò ti dùn. Nánógíráàmù ni wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánógíráàmù. Nígbà tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé orúkọ estradiol sórí àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ nínú omi mímu ní 2022, òdiwọ̀n tí wọ́n fún un ni nánógíráàmù 1 nínú lítà omi kan.

Ẹ jẹ́ ká fi omi tí a mọ̀ wọ̀n ọ́n. Odò Ọ̀ṣun tó ń bọ̀ láti apá Òṣogbo àti Ẹdẹ ni wọ́n sé ní Asejire, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Ìkirè. Iṣẹ́ omi ibẹ̀ parí ní 1972, wọ́n sì ṣe é kó lè máa pèsè omi tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 80 lítà lójúmọ́ fún Ìbàdàn. Ká ní ẹnì kan bu gíráàmù estradiol kan ṣoṣo, tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì lọ. Gíráàmù kan yẹn á tó láti sọ bílíọ̀nù kan lítà omi di olómi nánógíráàmù 1. Ẹ fi mílíọ̀nù 80 pín bílíọ̀nù kan: ọjọ́ 12 àti ààbọ̀. Omi tí odindi Asejire lè pèsè fún ọjọ́ méjìlá àti ààbọ̀, ìdá mẹ́rin ṣíbí kan ló gbé e dé ojú òdiwọ̀n. Mo ṣe ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà.

Ẹja ló kọ́kọ́ sọ fún àwọn onímọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń rí akọ ẹja tó ní ẹyin nínú ní ìsàlẹ̀ ibi tí omi ìdọ̀tí ìlú ti ń tú sódò. Susan Jobling àti John Sumpter ti Yunifásítì Brunel pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde ní 1998. Kì í ṣe odò kan péré ni wọ́n ti bá a. Ní Kánádà, Karen Kidd àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣe ohun tó le ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní adágún kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí, wọ́n ń da ethinylestradiol sí i láti 2001 sí 2003, nǹkan bíi nánógíráàmù 5 sí 6 nínú lítà kan. Ẹja kéékèèké kan tó ń jẹ́ fathead minnow fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nínú adágún yẹn. Akọ wọn ń ṣe bí abo, ọmọ ò wáyé mọ́. Ní 2007 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n dá oògùn náà dúró, ẹja náà padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹja ń gbé inú omi tọ̀sántòru, àwa ń mu ún ni. Àjọ ìlera àgbáyé ò tíì sọ pé ìwọ̀n oògùn kékeré tí wọ́n ń bá pàdé nínú omi mímu ń ṣe èèyàn ní jàǹbá tó hàn gbangba. Nínú kànga tó wà nítòsí ṣaláńgá, táífọ́ọ̀dù àti kọ́lẹ́rà ló máa kọ́kọ́ pa èèyàn kí họ́mọ̀nù tó ráyè. Ẹni tó bá ń sè omi rẹ̀, kó máa sè é lọ. Kàn jẹ́ kó yé ẹ pé sísè ń pa kòkòrò àìfojúrí, kì í lé estradiol lọ. Áláọ̀mù náà ń mú ẹrẹ̀ rogún ni, kò ní ohun tó ń bá ohun tó ti yọ́ ṣe. Láti bíi 2021 ni ariwo ti ń ta pé omi Ọ̀ṣun pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Ìyẹn burú, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ojú rí i. Ẹrẹ̀ rọrùn láti bá jà ju ohun tí kò láwọ̀ lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ awọ asẹ́ ló kàn. Nínú èdè wa, sísẹ́ ògì àti sísẹ́ ọ̀rọ̀, ohùn kan náà ni. Mo fẹ́ràn ìyẹn, torí pé ohun tí awọ asẹ́ ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń sẹ́ ohun kan, ó ń gba ohun kan láàyè. Ike tín-ín-rín ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ihò ara wọn kéré débi pé nánómítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Irun orí èèyàn kan fẹ̀ tó nǹkan bíi nánómítà 80,000, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ jù ni wọ́n ń pè ní microfiltration. Ihò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi nánómítà 100 sókè, ó ń mú ẹrẹ̀ àti bakitéríà. Ultrafiltration kéré sí i, ó ń mú fáírọ́ọ̀sì. Ihò nanofiltration ò ju bíi nánómítà kan lọ. Reverse osmosis, tí gbogbo ayé ń pè ní RO, ló há jù, ó ń mú iyọ̀ pàápàá. Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan ló ṣe awọ RO àkọ́kọ́ tó wúlò, ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ní àyíká 1960. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìlú aṣálẹ̀ ti ń rí omi òkun mu.

Estradiol ò tó nánómítà kan. Nítorí náà micro àti ultra ò lè mú un rárá, àfi bí ohun mìíràn bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn méjì tó kẹ́yìn ló kù.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀, torí ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ìwọ̀n mólékù omi jẹ́ 18, ti iyọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 58, ti estradiol jẹ́ 272. Awọ tó bá lè dá iyọ̀ dúró, ṣé ó yẹ kí estradiol tó fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ tẹ̀wọ̀n jù ú kọjá? Kò yẹ o, ṣùgbọ́n ó ń kọjá díẹ̀díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ rántí ike tí ìyá yín fi ń bu ọbẹ̀ ẹlẹ́po, tàbí ọ̀rá tí wọ́n fi wé dòdò Ìkirè. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, pípọ́n rẹ̀ ò ní kúrò tán. Epo pupa ò kàn lẹ̀ mọ́ ara ike yẹn, ó ti wọnú rẹ̀ lọ. Omi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi sínú ike fún ọdún kan, ẹ dà á nù, ike á gbẹ. Epo àti ike jọ mọwọ́ ara wọn, omi ni kò fẹ́ràn epo. Ìdílé ọ̀rá ni họ́mọ̀nù bí estradiol ti jáde wá, láti ara cholesterol ni ara wa ti ń ṣe é. Nínú omi, àlejò ni. Tó bá ti rí ike, ó dé ilé.

Iyọ̀ yàtọ̀. Iyọ̀ tó yọ́ sínú omi ní agbára iná lára, omi á sì rọ̀gbà yí i ká bí ẹ̀wù agbádá, kò fẹ́ wọnú ike. Awọ asẹ́ á lé e padà tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n estradiol á dé ẹnu ọ̀nà, kò ní jà, kò ní wá ihò kiri. Á lẹ̀ mọ́ ara awọ, á wọnú rẹ̀, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí á fi yọ lódìkejì. Bí ẹni tí wọ́n ní kó má wọ ilé, tó lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dọ́rẹ̀ẹ́.

Ẹ wá wo ibi tí ẹ̀tàn wà. Tí a bá gbé awọ tuntun, tí a da omi tó ní estradiol gba inú rẹ̀, tí a yẹ omi tó jáde wò ní wákàtí àkọ́kọ́, omi mímọ́ la máa bá. A ó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé awọ ń lé estradiol padà, ó ń mu ún ni, bí aṣọ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Nígbà tó bá yó, ohun tó ti mu á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lódìkejì. Andrea Schäfer, Long Nghiem àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi èyí hàn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 àti 2004 lórí estrone, estradiol àti irú wọn. Awọ RO tó há dáadáa ṣì ń dá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn dúró. Àwọn awọ nano tí ihò wọn fẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Lójú tèmi, ẹnikẹ́ni tó bá fi àyẹ̀wò ọjọ́ kan ṣoṣo polówó asẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ọjọ́ kẹta ni ká béèrè.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Schäfer, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Karlsruhe ní Jámánì báyìí, àti àwọn tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní bí họ́mọ̀nù bá fẹ́ràn láti máa lẹ̀ mọ́ nǹkan, ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tí á lẹ̀ mọ́ tí kò ní lè kúrò. Wọ́n mú awọ ultra, tí ihò rẹ̀ fẹ̀, tí omi ń tètè gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì to èédú róbótó kéékèèké tì í, ní ìpele tí kò nípọn ju mílímítà díẹ̀ lọ. Èédú yìí kì í ṣe èédú ìdáná lásán. Wọ́n ti fi ooru gíga lu ara rẹ̀ ní ihò tín-ín-rín tí kò lóǹkà, débi pé tí a bá tẹ́ ojú ara gíráàmù kan rẹ̀ sílẹ̀, á ju mítà 500 níbùú lóòró lọ, ìyẹn ju kíláàsì mẹ́jọ tiwa lọ. Awọ ń mú kòkòrò àìfojúrí, èédú ń mú họ́mọ̀nù. Nánógíráàmù 1 yẹn náà ni wọ́n ń lé.

Èmi àti àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wa dán irú rẹ̀ wò nínú láàbù, pẹ̀lú àṣẹ olùkọ́ wa. A ò ní estradiol, a ò sì ní ẹ̀rọ tó lè wọ̀n ọ́n, nítorí náà sóbò la lò. A sẹ́ omi ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ògì onílọ̀ọ́po mẹ́rin: ẹrẹ̀ dúró, omi jáde. A sẹ́ sóbò tí a ti là pẹ̀lú aṣọ kan náà: pípọ́n rẹ̀ jáde bó ṣe wọlé. Lẹ́yìn náà a gún èédú, a fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, a kó o sínú ìgò tí a ti gé ìdí rẹ̀, a da sóbò lé e díẹ̀díẹ̀. Ife àkọ́kọ́ jáde, pípọ́n rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ púpọ̀. Ife kejì pọ́n díẹ̀ sí i. Nígbà tó di ife kẹfà, ó ti ń padà di sóbò. Èédú ti yó. Ẹ̀kọ́ awọ asẹ́ yẹn náà ni, èyí la fi ojú rí.

Bẹ́ẹ̀ èédú ò jìnnà sí wa. Èèpo èkùrọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń dáná wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe irú èédú oníhò yìí káàkiri àgbáyé. Èèpo àgbọn náà ń ṣe é. Ní Àpòmù nìkan, ẹ wo òkìtì èèpo èkùrọ́ tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ.

Iná mànàmáná ni ìṣòro kejì. Omi ò kàn ń ṣàn gba ihò nánómítà kan kọjá, agbára la fi ń tì í. Atẹ́gùn inú táyà mọ́tò jẹ́ nǹkan bíi bar 2. RO omi òkun ń fẹ́ nǹkan bíi bar 50 sí 70, ti omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré ń fẹ́ bíi 10 sókè. Ṣùgbọ́n awọ ultra lè fi bar kan tàbí méjì ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe Físíìsì, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: táńkì omi tó ga tó mítà 10 lókè ẹ̀rọ ń fúnni ní nǹkan bíi bar 1, láìsí NEPA, láìsí jẹnẹrétọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ultra òun èédú ló bá ìlú bíi tiwa mu ju RO lọ. Ní Tàǹsáníà, Schäfer àti àwọn tirẹ̀ ti fi agbára oòrùn gbé awọ nano ṣiṣẹ́ láti yọ fluoride tó ń ba eyín àti egungun jẹ́ kúrò nínú omi ìlú, nítorí náà iná oòrùn náà ń ṣe é.

RO tún ní ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Ohun tó bá sẹ́ ò pòórá. Ó ń ya omi sí méjì, ọ̀kan mímọ́, èkejì ni gbogbo ìdọ̀tí kó jọ sí. Níbo ni wọ́n ń da èkejì sí? Ní 2022, àwọn ará Karlsruhe tún gbé awọ kan jáde tí wọ́n fi titanium dioxide kùn lára, èròjà kan tó wà nínú ọ̀dà funfun. Bí iná bá tàn sí i, ó ń fọ́ họ́mọ̀nù túútúú bó ṣe ń kọjá. Ìyẹn á dára, torí kò ní sí ohun tí à ń kó dà nù. Inú láàbù ló ṣì wà ní tirẹ̀.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní agbègbè wa. Wọ́n ní táńkì yanrìn, wọ́n ní táńkì èédú, wọ́n ní asẹ́ tín-ín-rín, wọ́n sì ní iná UV. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa ń pààrọ̀ èédú inú táńkì yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, tí omi bá ti ń rùn ni." Wọn ò parọ́ fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òórùn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé èédú ti yó. Bẹ́ẹ̀ estradiol ò ní òórùn. Ó lè ti máa kọjá fún oṣù mẹ́ta kí ohun tó ń rùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, tàbí kí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Imú ò lè sọ fún wa. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ àti iye lítà tó ti gba inú rẹ̀ kọjá ló yẹ kó wà lára táńkì náà, kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn máa sọ fún ọ̀gá wọn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá rèé fún SS1 àti SS2. Omi kan ní nánógíráàmù estradiol 100 nínú lítà kan. Awọ nano kan dá ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dúró. Ohun tó kù kọjá sórí èédú, èédú sì mú ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá a. Èló ló kù nínú lítà omi kan, ṣé a ti dé nánógíráàmù 1? Kí ẹ tún sọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, awọ ni àbí èédú, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n wọn àwọn ìdá méjèèjì yẹn. Ẹ ju ìdáhùn yín sínú àpótí Press Club lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.